Bí a ṣe ń tú 256 palẹ̀: àgbàdo, bébà àti bírò ti tó

Ẹ wá àgbàdo gbígbẹ, ẹ ka hóró 256 sínú àwo pẹrẹsẹ. Kò ju ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀ lọ. Ẹ tún wá bébà mélòó kan àti bírò. Gbogbo ohun tí a nílò nìyẹn. Bí ọmọ kan bá wà nílé tó ti lè ka nǹkan dé ọ̀ọ́dúnrún, ẹ pè é kó wá jókòó tì yín, torí pé iṣẹ́ ọwọ́ ni ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Ẹni tó bá kàn fi ojú kà á kọjá kò ní jẹ adùn rẹ̀.

Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́. Ọmọ tó bá sọ fún mi pé ìṣirò kò wọ òun lórí, 256 ni mo sábà máa ń kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀. Ìdí ni pé 256 kò fi nǹkan kan pamọ́. Méjì nìkan ni wọ́n fi mọ ọ́n látòkèdélẹ̀: méjì lọ́nà méjì, lọ́nà méjì, títí yóò fi pé méjì mẹ́jọ. Ẹni tó bá di èyí mú kò ní há gbogbo ìyókù sórí, yóò máa rí i fúnra rẹ̀ ni.

Ẹ kọ́kọ́ pè é lórúkọ

Igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń wá sọ́dọ̀ mi ló mọ orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ó sì máa ń dùn mí, torí pé orúkọ Yorùbá yìí ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún wa. Ẹ jẹ́ ká tú u. Igba ni 200. Ọgọ́ta ni 60. Mẹ́rin dín nínú ọgọ́ta, ó ku 56. Ẹ fi 56 lé 200.

Ẹ wá gbé 16 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ẹ́rìndínlógún, mẹ́rin dín nínú ogún. Mẹ́rin ló dín níhìn-ín, mẹ́rin ló dín lọ́hùn-ún. Kì í ṣe èèṣì. 16 lọ́nà 16 ni 256, òǹkà wa sì lè fi bó ṣe rí bẹ́ẹ̀ hàn wá láìlo kọ̀ǹpútà kankan. Ẹ ro ó pé a to hóró àgbàdo sí ìlà 20, hóró 20 ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Irinwó nìyẹn, 400. A fẹ́ kí ìlà kọ̀ọ̀kan ku 16, nítorí náà a mú 4 kúrò nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìlà 20 ló wà, 80 la mú kúrò, ó ku 320. Lẹ́yìn náà a fẹ́ kí ìlà náà ku 16, a gbé ìlà 4 kúrò, hóró 16 ló sì wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan báyìí: 64. 320 dín 64, ó ku 256.

Ọ̀nà kejì tún wà tí mo fẹ́ràn jù ú lọ. Ẹ yọ 80 ti ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ yọ 80 ti ẹ̀gbẹ́ kejì. 160 ti kúrò nínú irinwó, ó ku òjìlúgba, ìyẹn 240. Ṣùgbọ́n ní igun ibi tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti pàdé, ẹ ti ka hóró 16 lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ dá 16 náà padà. 240 àti 16 jẹ́ 256. Ẹ má gbàgbé 240 àti 16 yìí o, a máa tún bá wọn pàdé níwájú.

Bí ẹ bá tún fi 16 sọ 256 di púpọ̀, ẹ ó rí 4,096. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, 65,536. Ẹ máa fi ogún-ogún kà wọ́n: 4,100 ó dín 4, 65,540 ó dín 4. Títí láé, mẹ́rin ni yóò máa dín kó tó pé ogún.

Ẹ pín in sí méjì títí yóò fi tán

Ó yá, a padà sórí àwo. Ẹ pín àgbàdo náà sí òkìtì méjì tó dọ́gba, ẹ ti ọ̀kan sápá kan. Ẹ tún pín èyí tó kù sí méjì. Ẹ máa kọ iye tó ń kù sílẹ̀:

256, 128, 64, 32, 16, 8, 4, 2, 1

Ẹ pín in lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, kò sí ìgbà kankan tí hóró kan dá dúró láìní ẹnìkejì. Ẹ wá gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú 200, tó dà bí ẹni pé ó rọrùn ju 256 lọ: 100, 50, 25, ó há. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú 250: 125, ó há lójú ẹsẹ̀. Mo máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọ há báyìí kí n tó sọ ohunkóhun. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ti mú hóró kan tó ṣẹ́kù, tí kò mọ òkìtì tí yóò fi sí, kò tún ní béèrè lọ́wọ́ mi mọ́ ohun tí mo ń pè ní nọ́ńbà aláìdọ́gba, ìyẹn èyí tí kò ṣeé pín sí méjì láìṣẹ́kù.

Àwọn tó ń ṣètò ìdíje mọ ìlànà yìí dáadáa. Ní Wimbledon, àwọn 128 ló ń bẹ̀rẹ̀ nínú ìdíje tẹníìsì ọkùnrin, ẹni tó bá pàdánù ń lọ sílé, ìpele 7 ni wọ́n sì fi ń mọ olúborí. Bí wọ́n bá jẹ́ 256, ìpele 8 ni yóò gbà. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mélòó ni yóò jẹ́ lápapọ̀? Ẹ má wulẹ̀ ro 128 pọ̀ mọ́ 64 pọ̀ mọ́ 32. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń lé ẹnìkan ṣoṣo lọ sílé, àwọn 255 ló sì gbọ́dọ̀ lọ sílé kó tó ku ẹnìkan. 255 ni.

Àwọn wo ló lè pín in?

Ẹ wo ìlà nọ́ńbà tí ẹ kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo nọ́ńbà tó lè pín 256 láìṣẹ́kù ti wà níbẹ̀, mẹ́sàn-án péré ni wọ́n: 1, 2, 4, 8, 16, 32, 64, 128, àti 256 fúnra rẹ̀. 3 kò sí níbẹ̀, 5 kò sí, 10 kò sí. Bí ẹ bá ní èèyàn mẹ́ta tí ẹ fẹ́ pín 256 náírà fún, náírà kan yóò ṣẹ́kù dandan.

Nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ẹ mú wọn ní méjì-méjì láti òpin méjèèjì: 1 àti 256, 2 àti 128, 4 àti 64, 8 àti 32. Ẹ fi ọ̀kan sọ ìkejì di púpọ̀, 256 ni. 16 ló dá wà láàárín, ara rẹ̀ ni yóò bá ṣe é. Ibi tí ẹ bá ti rí iye olùpín tó jẹ́ aláìdọ́gba bí mẹ́sàn-án yìí, ẹ mọ̀ dájú pé nọ́ńbà náà ṣeé tò sí igun mẹ́rin dọ́gba.

Ẹ wá ro gbogbo wọn pọ̀, ẹ fi 256 fúnra rẹ̀ sílẹ̀: 1 + 2 + 4 + 8 + 16 + 32 + 64 + 128. Ó jẹ́ 255. Ẹyọ kan ló kù kó pé! Ojú àwo la ti ń rí ìdí rẹ̀. Gbogbo òkìtì tí ẹ tì sápá kan nígbà tí ẹ ń pín ni 128, 64, 32, títí dé 1, hóró kan tó gbẹ̀yìn sì ṣì wà lọ́wọ́ yín. Gbogbo nọ́ńbà tí a bá fi méjì nìkan kọ́ ló ń ṣe báyìí, ẹyọ kan ni yóò máa dín. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ti wá nọ́ńbà mìíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí kì í ṣe ọmọ méjì, títí di òní wọn kò rí ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó lè fi ẹ̀rí hàn pé kò sí. Ìbéèrè tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè lóye dáadáa, tí ayé ò tíì dáhùn! Mo máa ń sọ eléyìí fún wọn, mo sì máa ń wo ojú wọn.

Ẹ tò ó sí igun mẹ́rin

Ẹ gbé hóró 1 sí igun àwo. Ẹ fi 3 yí i ká lápá ọ̀tún àti nísàlẹ̀, ó di igun mẹ́rin oníméjì-méjì. Ẹ fi 5 yí ìyẹn ká, ó di mẹ́ta-mẹ́ta. Lẹ́yìn rẹ̀ 7, lẹ́yìn rẹ̀ 9. Aṣọ tuntun tí ẹ ń wọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan máa ń fi hóró méjì ju ti ìṣáájú lọ, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló gùn sí i. Nígbà tí ẹ bá dé 31, ó ti di aṣọ kẹrìndínlógún, hóró yóò sì tán lọ́wọ́ yín láìṣẹ́kù, láìdín. 1 + 3 + 5 + 7 títí dé 31 ni 256.

Ó gba sùúrù, àgbàdo a sì máa yí. Ẹ tẹ́ aṣọ sábẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́jọ péré

Ẹ ní kí ọmọ náà mú nọ́ńbà kan sínú, láti 0 dé 255. Ẹ sọ fún un pé ìbéèrè mẹ́jọ péré lẹ máa bi í, tí yóò máa dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá, ẹ ó sì mọ nọ́ńbà náà. Inú àwọn ọmọ máa ń dùn sí i púpọ̀, nítorí wọ́n rò pé ọgọ́rùn-ún ìbéèrè kò ní tó.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Ẹ jẹ́ ká ní 150 ló mú sínú. Ẹ béèrè: ṣé ó tó 128? Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ní kó yọ 128 kúrò, kó má sọ iye tó kù fún yín (22 ni). Ṣé èyí tó kù tó 64? Rárá. Ṣé ó tó 32? Rárá. Ṣé ó tó 16? Bẹ́ẹ̀ ni. Kó yọ 16 kúrò, ó ku 6. Ṣé ó tó 8? Rárá. Ṣé ó tó 4? Bẹ́ẹ̀ ni, kó yọ 4. Ṣé ó tó 2? Bẹ́ẹ̀ ni, kó yọ 2. Ṣé ó ku 1? Rárá. Níbi tó bá ti dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kọ 1. Níbi tó bá ti ní rárá, ẹ kọ 0. Ohun tó wà lórí bébà yín báyìí ni 10010110. Ẹ ro àwọn tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pọ̀: 128 + 16 + 4 + 2. 150.

Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń gé ohun tó kù sí ìdajì, bí a ṣe ń pín òkìtì àgbàdo lẹ́ẹ̀kan. Èsì mẹ́jọ tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá lè tò ní oríṣi 256, kò lé, kò dín. Ní ọdún 1703, Leibniz ará Jámánì tẹ ìwé kan jáde tó ṣàlàyé ìṣirò tí a fi 0 àti 1 nìkan ṣe yìí, àwọn ará Yúróòpù sì ń yìn ín fún un títí dòní. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà lọ́wọ́ babaláwo.

Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní èso mẹ́jọ, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Bí a bá dà á sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí inú rẹ̀ sókè tàbí kó dojú dé. Èyí tó bá ṣí inú, ìlà kan ni wọ́n ń fà fún un. Èyí tó bá dojú dé, ìlà méjì. Apá kan nìkan, èso mẹ́rin, lè jáde ní oríṣi 16, láti Ogbè títí dé Òfún. Apá méjèèjì pọ̀ jẹ́ 16 lọ́nà 16. Bí apá méjèèjì bá jọra, ojú odù ni, 16 ni wọ́n: Ogbè Méjì, Ọ̀yẹ̀kú Méjì, Ìwòrì Méjì, Òdí Méjì àti àwọn yòókù. Bí wọn kò bá jọra, ọmọ odù ni. 16 lọ́nà 15 ni wọ́n, òjìlúgba. 240 àti 16! Àwọn tí mo ní kí ẹ má gbàgbé nìyẹn.

Pẹ̀lú ikin, ọ̀nà náà yàtọ̀, òpin rẹ̀ kò yàtọ̀. Ikin 16 ni babaláwo ń fi ọwọ́ gbá. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ kejì, ìlà méjì ni yóò tẹ̀ sínú ìyẹ̀rosùn lójú ọpọ́n. Bí méjì bá ṣẹ́kù, ìlà kan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ni yóò tẹ̀ ẹ́ kí odù kan tó pé. Ní Cuba, níbi tí àwọn babaláwo ṣì ti ń da ọ̀pẹ̀lẹ̀, 256 náà ni wọ́n ń kà. Ní ọdún 2005, UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ogún ńlá tí aráyé jogún, odù 256 náà sì ni ìpìlẹ̀ ohun tí wọ́n kéde.

Ẹ jẹ́ ká fi 1 dípò ìlà kan, kí á fi 0 dípò ìlà méjì. Èmi ni mo tò ó báyìí fún ẹ̀kọ́ wa, Ifá ní ètò tirẹ̀ lórí èyí tó ṣáájú. Òdí ni 1001, Ìwòrì ni 0110. Nígbà náà, 10010110 tó wà lórí bébà yín ni Òdí lápá ọ̀tún, Ìwòrì lápá òsì: Òdí-Ìwòrì, 150. Ẹ yí wọn padà, Ìwòrì-Òdí, ó di 01101001, ìyẹn 105. Ẹ ro 150 àti 105 pọ̀. 255 ni. Ogbè Méjì jẹ́ 1 mẹ́jọ, 255. Ọ̀yẹ̀kú Méjì jẹ́ 0 mẹ́jọ. Odù yòówù tí ẹ bá mú, ẹ yí ìlà kan rẹ̀ sí méjì, kí ẹ yí méjì sí kan, ẹ ro ti àkọ́kọ́ àti ti ìkejì pọ̀, 255 ni yóò máa jẹ́, nítorí pé ibi tí ọ̀kan bá ti ní àlàfo ni ìkejì ti ní nǹkan.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 255 ló ń parí sí?

Mo fún ọmọbìnrin kan ní bébà tí mo gé wẹ́wẹ́, mo ní kó kọ nọ́ńbà sí wọn láti 0 dé 255, ọ̀kan sórí ọ̀kan. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó wo èyí tó gbẹ̀yìn lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ó ku ẹyọ kan. 255 ló parí sí." Mi ò dá a lóhùn, mo ní kó kà wọ́n. Ó ń fi wọ́n lélẹ̀ ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó dé ìparí, ó gbé bébà tó ní 0 sókè, ó ní, "Òun náà wà níbẹ̀!" Bẹ́ẹ̀ ni. 0 náà jẹ́ ọ̀kan.

Ọ̀pọ̀ nǹkan tí ẹ ń rí lójú fóònù yín ló ti ibí wá. Nínú kọ̀ǹpútà, ibi kékeré kan tó lè jẹ́ 0 tàbí 1 ni bíìtì. Ní ọdún 1956, Werner Buchholz tó ń ṣiṣẹ́ ní IBM ló fún àkójọ bíìtì ní orúkọ báìtì, System/360 tí ilé iṣẹ́ náà kéde ní 1964 sì lo báìtì oníbíìtì mẹ́jọ, èyí tó gbilẹ̀ káàkiri ayé. Báìtì kan, oríṣi 256. Ẹ wo àdírẹ́sì tí wọ́n fi ń wọ ojú ẹ̀rọ Wi-Fi, irú 192.168.1.1: nọ́ńbà mẹ́rin, kò sí èyí tó lè kọjá 255. Bí ẹ bá rí 192.168.1.300 níbi kan, ẹ mọ̀ pé àṣìṣe ni. Àwọ̀ náà ńkọ́? Pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 255. 256 lọ́nà 256 lọ́nà 256, àwọ̀ 16,777,216.

Bí nǹkan bá ti dé 255 tí ẹ tún fi 1 kún un, kò sí àyè mọ́, ó di 0. Eré Pac-Man tó jáde ní Japan ní ọdún 1980 ni àpẹẹrẹ tó lókìkí jù. Báìtì kan ni wọ́n fi ń ka ìpele eré. Àwọn tó bá mọ̀ ọ́n ta dé ìpele 256 máa ń rí i pé ìdajì ojú eré lápá ọ̀tún dàrú pátápátá, eré ò sì lè tẹ̀ síwájú mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó fẹ́ ra kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá kọ 256 GB sí i lára, tí Windows wá fi nǹkan bí 238 hàn, kì í ṣe dandan pé wọ́n rẹ́ yín jẹ. Ẹni tó ṣe é ka GB kan sí báìtì 1,000,000,000. Windows ń fi ìlọ́po méjì kà á, ó jẹ́ 1,073,741,824 lójú tirẹ̀. Ẹ fi ìkejì pín 256,000,000,000, ẹ ó rí 238 àti díẹ̀.

Àwọn aládùúgbò rẹ̀

255 wà lápá kan, 257 lápá kejì. 16 lọ́nà 16 dín 1 jẹ́ 15 lọ́nà 17, nítorí náà 255 jẹ́ 3 lọ́nà 5 lọ́nà 17. 257 ní tirẹ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni pín òun àyàfi 1 àti ara rẹ̀. Ẹ dán an wò fúnra yín. 2, 3, 5, 7, 11 àti 13 nìkan lẹ nílò, torí pé 17 lọ́nà 17 ti jẹ́ 289, ó ti kọjá 257. Àṣẹ́kù tí ẹ ó rí ni 1, 2, 2, 5, 4, 10. Kò sí 0 nínú wọn.

Ẹ mú 2, ẹ máa fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀: 2, 4, 16, 256, 65,536. Ẹ fi 1 kún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fermat, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, rò pé irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, 3, 5, 17, 257, 65,537, kò ní ṣeé pín títí lọ. Ní ọdún 1732, Euler, onímọ̀ ìṣirò mìíràn, fi hàn pé èyí tó tẹ̀ lé wọn, 4,294,967,297, ṣeé fi 641 pín. Síbẹ̀ 257 dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Nítorí pé ó rí bẹ́ẹ̀, ènìyàn lè fi rúlà àti kọ́ńpáàsì nìkan ya àwòrán onígun 257 tó dọ́gba, Richelot sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1832.

Ohun tí 256 kò lè ṣe

Èyí ni mo fi pamọ́ dìgbẹ̀yìn, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ wá nọ́ńbà tó tò tẹ̀ léra, méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti 1 sókè, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 256. 9 ṣe é: 2 + 3 + 4. 22 ṣe é: 4 + 5 + 6 + 7. Ọmọbìnrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kọ ọ́ kún ojú ìwé kan àti ààbọ̀. 127 + 128, 255. 128 + 129, 257. 84 + 85 + 86, 255. 62 + 63 + 64 + 65, 254. Ó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò bà á.

Kò lè bà á láé. Ẹ kọ 4, 5, 6, 7, kí ẹ tún kọ 7, 6, 5, 4 sábẹ́ rẹ̀. Òòró kọ̀ọ̀kan jẹ́ 11, òòró mẹ́rin ló wà, 44, ìyẹn ìlọ́po méjì 22. Nítorí náà, iye nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ lọ́nà àpapọ̀ ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn ni ìlọ́po méjì ohun tí a ń wá. Nínú àwọn méjì yìí, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà aláìdọ́gba: níhìn-ín, 4 àti 11. Ní ti 2, 3, 4, ó jẹ́ 3 àti 6. Ẹ dán púpọ̀ wò, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí. Ìlọ́po méjì 256 wá jẹ́ 512. Nọ́ńbà aláìdọ́gba wo, yàtọ̀ sí 1, ló lè pín 512? Ẹ padà sórí àwo: méjì, méjì, méjì, títí dé òpin. Kò sí.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún ọmọ náà ní 100. Ìlọ́po méjì rẹ̀ ni 200, 5 lọ́nà 40. Nọ́ńbà márùn-ún nìyẹn, tí àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn jẹ́ 40: 18, 19, 20, 21, 22. Ọ̀nà kejì ṣì wà, nọ́ńbà mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ má sọ ọ́ fún un.